Omi Tó Ń Kán Lẹ́yìn Ọ́fíìsì

Ẹ jẹ́ ká kí ẹni tó wọ kóòtù ní Sàǹgó-Ọ̀tà. Ẹ bá mi yẹ́ ẹ sí, ẹ bá mi ṣí fìlà fún un. Nínú oòrùn tó ń mú kí ọ̀dà ojú títì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, níbi tí eruku ọkọ̀ àjàgbé ti ń bá èèyàn wọlé tó sì ń bá a jẹun nínú àwo kan náà, akọni kan ṣì wà tó wọ kóòtù dúdú, tó so táì mọ́rùn, tó ń rìn bí ẹni pé yìnyín ń já lu òun nìkan. Orí rẹ̀ kò dàrú o. Ọ̀gá ni. Kóòtù rẹ̀ kì í ṣe aṣọ lásán, ẹ̀rí ni: ó ń jẹ́rìí pé níbì kan nínú ìlú yìí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì kan, yàrá kan wà tí òtútù rẹ̀ lè pa adìyẹ, àti pé òun ló ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti jẹ́ mánéjà, òtútù la fi ń mọ ẹni tó ga ju ẹni. Ọ̀rá là ń ṣe: ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá omi mímu, ọ̀rá dúdú tí ẹ fi ń gbé ohun gbogbo lọ sílé tí ẹ sì ń jù sí gọ́tà lọ́jọ́ kejì. Kò sí àlejò kan tó yin ọ̀rá wa rí. Àlejò tó bá ti Èkó wá á jókòó díẹ̀ sí yàrá ìgbàlejò, á fọwọ́ ra apá rẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ọ́fíìsì yín mà tutù o!" Inú wa á sì dùn bí ìyàwó tuntun tí wọ́n yin ọbẹ̀ rẹ̀. Bí akáǹtáǹtì bá tẹ rìmóòtù amúlétutù rẹ̀ sínú òtútù, akọ̀wé á tẹ tirẹ̀ kọjá ibẹ̀. Mo ti rí akáǹtáǹtì yìí kan náà tó wé ìborùn mọ́rùn lóṣù Ẹrẹ́nà, tó ń fẹ́ èémí sọ́wọ́ kó tó lè di bírò mú.

Ògiri kan ló wà láàárín àwa àti àwọn tó ń ṣe ọ̀rá gan-an. Lápá ọ̀hún, ẹ̀rọ méjì ń yọ́ kóró róbà, wọ́n ń fẹ́ ẹ sókè bí fèrè ọmọdé, àwọn tó ń ṣọ́ wọn á ti bọ́ ẹ̀wù so mọ́dìí kí iṣẹ́ tó wọra. Lápá tiwa, à ń sọ afẹ́fẹ́ di òtútù. Iná là ń fi gbóná lọ́hùn-ún, iná náà là ń fi tutù níhìn-ín, bílì kan ṣoṣo ló sì ń dé fún gbogbo rẹ̀.

Bílì ọ̀hún dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣú tí kò rọ̀. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ rẹ̀, Dádì ni gbogbo wa sì ń pè é, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Dádì ránṣẹ́ pe àwa olórí ẹ̀ka sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó wọ kóòtù. Èmi náà wọ kóòtù. Ẹni kan ṣoṣo tí kò wọ̀ ọ́ ni Alfa, olórí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì, tó ti iwájú iná dé tààrà pẹ̀lú ẹ̀wù pélébé tó ti rin gbingbin fún òógùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo rí i bí òógùn náà ṣe ń tutù sí i lára, tó ń rún eyín pọ̀ kó má baà gbọ̀n níwájú ọ̀gá.

"Mánéjà," Dádì ní, "iná yìí fẹ́ jẹ wá tán."

"Ó ga o, sà."

"Mo ti gbé e síwájú Olúwa."

"Àmín, sà." Kò tíì gbàdúrà, ṣùgbọ́n ó dára kéèyàn tètè ṣe é.

"Ohun tí mo rí gbà ni pé ká pa ẹ̀rọ kejì. Ẹ̀rọ kan tó wa."

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀run mọ ẹ̀rọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lókè orí Dádì ló ń dá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Alfa wúkọ́.

"Dádì, ẹ forí jì mí. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ kejì, àwa tí a wà nídìí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọlọ́run á ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, Alfa. Ṣé Ọlọ́run kan náà kọ́ là ń sìn ni?"

"Òun kan náà ni sà. Àmọ́ ilẹ̀kùn yìí ni mo mọ ọ̀nà rẹ̀."

Dádì wò ó, ó wò mí. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò láàánú. Òun á dúró de bílì tó ń bọ̀. Bó bá wálẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ kejì á dúró. Bí kò bá wálẹ̀, wọ́n á pa á, àwọn tó wà nídìí rẹ̀ á sì máa lọ sílé. "Ìwọ Mánéjà ni màá fi í lé lọ́wọ́. Bó bá sì di pé wọ́n ń lọ, ìwọ náà lo máa sọ fún wọn. Ìwọ lo kàwé."

Òótọ́ ni, mo kàwé. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Mo lè jókòó kí n sọ ohun tó wó ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ fún yín láìwo ìwé. Ohun tí ń mú mítà sáré, mi ò mọ̀ ọ́n.

Níta, Alfa dúró sínú oòrùn bí ẹni tó ń yáná. Ó ní, "Mánéjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Ilé mi ní Ìjókò ti dé lẹ́ńtẹ̀lì, òrùlé ló kù."

Mo ní, "Ẹ kú oríire."

"Kò tíì di oríire o. Ilé tó bá dúró sí lẹ́ńtẹ̀lì, ewúrẹ́ ló ń kó wọ ibẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti yí padà. Mo ń gbọ́ iná. Bí mo bá jókòó nílé, màá gbọ́ fìríìjì tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Bí mo bá wọkọ̀ kọjá nísàlẹ̀ afárá Sàǹgó, màá rí gílóòbù tó ń tàn lójú ọ̀sán níwájú ilé ìtajà, àyà mi á já, bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi bílì rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ìyàwó mi bi mí léèrè ohun tó dé tí mo fi ń dúró níwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Mo ní kò sí nǹkan.

Ọ̀nà tí ọ̀mọ̀wé ń gbà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo gbà: mo kọ ìkìlọ̀. PA INÁ TÍ O KÒ BÁ LÒ. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ni mo fi tẹ̀ ẹ́, mo fi ọ̀rá wa bò ó kí omi má baà bà á jẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Nígbà tí mo padà wá wò ó lọ́sàn-án, wọ́n ti tan gílóòbù sókè ọ̀kan nínú wọn kí èèyàn lè rí i kà.

Ìgbà yẹn ni mo wá ń wọ yàrá kiri bí ọlọ́pàá. Ohun tí mo rí pọ̀. Mo rí ẹja òbòkún nínú fìríísà tí a rà nítorí omi mímu àwọn òṣìṣẹ́. Mo rí ìkòkò oníná tí ẹyin ń hó nínú rẹ̀ lẹ́yìn àpótí fáìlì. Mo rí àtùpà tó ń gba iná pamọ́ tí wọ́n kó wá láti Àgbárá àti Iló-Àwẹlà, wọ́n tò wọ́n sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń mu ọmú. Nínú ọ́fíìsì akọ̀wé, ìyáálé ilé kan tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, mo bá áyọ́ọ̀nù lórí tábìlì, òkìtì aṣọ ilé ìwé wà lọ́tùn-ún, ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wà lósì.

"Àǹtí, kí lèyí?"

"Ẹ káàárọ̀ sà. Áyọ́ọ̀nù ni sà."

"Mo rí i pé áyọ́ọ̀nù ni. Ta ló ni aṣọ?"

"Iná wà sà," ó ní, bí ẹni pé ìdáhùn nìyẹn.

"Iná wà, ẹ wá ń lọ aṣọ gbogbo àdúgbò?"

"Mánéjà, ẹ má jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin ò mọ iná ni? Bó bá lọ ńkọ́? Ẹ bá mi mú ṣẹ́ẹ̀tì yín wá, kọ́là yẹn ti rún. Mánéjà gidi kì í wọ kọ́là tó rún."

Mo fi ọwọ́ kan kọ́là mi. Ó rún lóòótọ́. Mo jáde kíá kó tó di pé mo bọ́ ọ fún un.

Mi ò lè bínú sí i pẹ́, nítorí mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Òkùnkùn ló tọ́ gbogbo wa. Nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, bí iná bá lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa súwíìṣì, nítorí gílóòbù ni oníròyìn wa: òun ló máa sọ fún wa pé iná ti dé. Bó bá sì dé, ariwo á ta láti ojúlé dé ojúlé, gbogbo èèyàn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń fa omi, ẹni tó ń lọ aṣọ, ẹni tó ń lọ ata, bí ẹni pé wọ́n ń pín sààrà níta. Iná jẹ́ àlejò tí kì í sùn mọ́jú. Ohun tó bá wà lápò rẹ̀, kí ẹ gbà á kíá. Nígbà tó wá yá, wọ́n ní apá ibi tí ilé iṣẹ́ wa wà ti bọ́ sí Báńdì Éè, àwọn tí iná wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, tí owó rẹ̀ sì ga ju ti ẹlòmíràn. Àlejò di ayálégbé. Àwa kò sì ṣíwọ́, à ń pa adìyẹ fún un lójoojúmọ́.

Àwọn ẹ̀rọ gan-an kò bọ́ nínú àṣà yìí. Mo bá Alfa lọ sídìí ẹ̀rọ kejì láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kóró róbà kò tíì dé. Síbẹ̀ ẹ̀rọ náà gbóná, àwọn iná pupa ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

"Alfa, kí ló ń ṣe?"

"Ó ń dúró ni."

"Ó ń dúró pẹ̀lú iná báyìí?"

Ó ní bí ẹ̀rọ bá tutù tí ọ̀rá bá dì sí i lọ́fun, ó di kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n máa ha ọ̀rá líle kúrò bí ẹni tó ń ha ìkòkò tó jóná. Wọ́n ti fojú rí i nígbà tí iná máa ń já lójijì. Nítorí náà wọn kì í pa á. Bí wọ́n bá ń jẹun, ó ń gbóná. Bí wọ́n bá ń dúró de kóró, ó ń gbóná. Ẹ̀rù ọjọ́sí ni wọ́n ń fi iná òní sè.

A ṣe ohun tí a lè ṣe. Afẹ́fẹ́ ń tú lára àwọn páìpù, ó ń ṣe ṣììì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohùn náà sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé bó bá dákẹ́ ni ẹ̀rù máa bà wá. A po ọṣẹ sómi, a fi kànrìnkàn kùn wọ́n, ibi tó bá hó la dì. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n ìwé mi gbé mi dìde. Mo ní kí wọ́n kó àwọn iṣẹ́ kéékèèké jọ, kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ṣe gbogbo wọn pa pọ̀ dípò kí ẹ̀rọ méjèèjì máa gbóná lásán.

Alfa nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lára àkísà.

"Mánéjà," ó ní, "bí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá lè ṣe é tán, kí ni Dádì fẹ́ fi ẹ̀rọ kejì ṣe mọ́?"

Mo kàn dúró síbẹ̀ nínú ooru yẹn, kóòtù lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Mo kàn ń rò ó ni. Ó dà bí ẹni pé ṣọ́bìrì tí wọ́n fẹ́ fi bò wá mọ́lẹ̀ lẹ yá wa lò yẹn."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá pa iná púpọ̀ nídìí ẹ̀rọ, a ó ti fi han Dádì pé ọ̀rọ̀ tó ti ọ̀run gbọ́ kò yẹ̀. Bí a kò bá pa á, bílì kò ní wálẹ̀. A wá pín ọjọ́: bí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ kejì fọ ọ̀fun rẹ̀ kó sinmi, bí ó bá kan ẹ̀rọ kejì, kí èkíní sinmi. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀kan kò wúlò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Alfa pa ẹ̀rọ rẹ̀ lójú ọ̀sán, ó gbé ọwọ́ lé e lára, ó sì ń ka nǹkan lábẹ́ ètè títí ó fi tutù.

Ṣùgbọ́n kò tó. Láràárọ̀ ni mò ń lọ wo mítà bí ẹni tó ń wo ẹnu dókítà. Nọ́ńbà rẹ̀ ti ń rọra, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìrọra tó lè gba èèyàn sílẹ̀. Oṣù ń lọ. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ kejì bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Mánéjà wa!" "Bàbá wa!" Bí mo bá kọjá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo ojú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn wọlé. Lórí ibùsùn mi, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún wọn pọ̀: "Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí." Mo kórìíra gbólóhùn yẹn. Gbogbo ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn ló ń fi í bẹ̀rẹ̀.

Alfa ló sọ pé ká wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí ẹ̀rọ kankan kò ní ṣiṣẹ́. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tààrà, kóòtù lọ́rùn. Òun wọ jálàbíà funfun, ó jọ pé òun gan-an ló ni ilé iṣẹ́. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ṣí i fún wa. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. A lọ síwájú mítà, nọ́ńbà ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé.

Mo ní, "Ta ló ń ṣiṣẹ́?"

"Kò sẹ́nì kan," Alfa ní.

A pa súwíìṣì ńlá ti ẹ̀rọ méjèèjì. Ó rọ̀ díẹ̀, kò dúró. A wo òkè: pátákó orúkọ ilé iṣẹ́ ń tàn yòò nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń bá oòrùn díje. A pa á. Kò dúró. Ó wá ku súwíìṣì àwọn ọ́fíìsì. Mo nawọ́ sí i, Alfa di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí a fẹ́ pa iná rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Dádì ńkọ́?"

Gbogbo ọ́fíìsì ló wà ní títì, olúkálukú ti mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé. A bá gba ẹ̀yìn, nínú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ògiri ilé àti fẹ́ńsì, níbi tí ẹni tó wọ kóòtù kì í dé. Mi ò dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Ọ̀tà ti gbẹ táútáú, òjò ti kọ̀, ṣùgbọ́n ọgbà ni mo bá lẹ́yìn ọ́fíìsì wa. Lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, páìpù ẹ̀rọ amúlétutù ń kán omi sílẹ̀: tó, tó, tó. Lábẹ́ ti Dádì, gbúre ti hù, ewé rẹ̀ ń dán. Lábẹ́ ti akáǹtáǹtì, ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó bí onílé. Lábẹ́ ti Àǹtí, ilẹ̀ rọ̀ débi pé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi rì. Wọ́n fi gbogbo amúlétutù sílẹ̀ ní títàn láti ọjọ́ Ẹtì kí yàrá lè tutù nini nígbà tí ọ̀gá bá wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ó tó ọjọ́ méjì gbáko tí wọ́n ti ń fi iná tutù fún àga.

Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀sín jọ lọ́kàn mi. Ẹ wò wọ́n, mo ní. Àwọn ọ̀gá. Wọ́n kò lè dúró de òtútù fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mu tíì.

A dé fèrèsé tó kẹ́yìn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ló wà níbẹ̀, ó kún, ó ń dà sílẹ̀, kẹ́tù onírọ́bà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá géètì ti tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀.

"Omi àlùwàlá wa nìyẹn o, Ọ̀gá Mánéjà," ó ní. "Àwọn tó kù máa ń dá nígbà mìíràn. Eléyìí kì í dá. Mi ò mọ ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, àmọ́ Ọlọ́run á bù kún un. Ó gba ẹsẹ̀ wa lọ́wọ́ kànga."

Ó dúró de àmín. Mo gbé ojú sókè. Fèrèsé náà ní kọ́tìnì aláwọ̀ ewé tí ìyàwó mi rán fún mi.

Aago Àsárì ti tó. Alfa ká ọwọ́ jálàbíà rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu omi sínú kẹ́tù, ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́ ojú. Ó fara balẹ̀ ṣe é dé ẹsẹ̀. Nígbà tó dìde, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mánéjà," ó ní, "omi yín mà tutù o."

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni tàbí ọpẹ́. Mo ní, "Alfa, ẹ gbọ́ ná..."

"Kí ni mo rí?" ó ní. "Omi ni mo rí. Ẹ jẹ́ n kírun."

Lọ́jọ́ Ajé, mo wà níwájú Dádì. Alfa wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rún eyín pọ̀ bí ti àtijọ́. Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń jẹ iná, pé àwọn amúlétutù ọ́fíìsì ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé nínú yàrá tí kò séèyàn.

"Ti ta ni?"

Mo ní ti akáǹtáǹtì. Mo ní ti Àǹtí. Ohùn mi wá rọlẹ̀. Mo wo gbogbo ilé, àfi ojú Dádì ni mi ò wò. Alfa ló parí rẹ̀.

"Dádì, ẹ forí jì mí. Gbúre ti hù lábẹ́ fèrèsé tiyín náà. Ó tó sè."

"Tèmi kẹ̀? Èmi tí mo wà nílé Ọlọ́run lánàá látàárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ̀yin wà nílé Ọlọ́run. Amúlétutù yín ló wà níbí."

Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí, pé wọ́n á pa ẹ̀rọ kejì lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì lé Alfa pẹ̀lú rẹ̀. Dádì gbé rìmóòtù rẹ̀, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, bí ẹni pé wọ́n kọ ẹ̀sùn sí i lára. Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Mánéjà, tìrẹ ńkọ́?"

Mo gbọ́ eyín Alfa.

"Mo máa ń pa tèmi, sà," ni mo wí.

Alfa wo ilẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní lẹ́ńtẹ̀lì kì í bá ẹni tó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ jiyàn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e.

Dádì pàṣẹ pé kí bàbá géètì máa pa súwíìṣì ńlá àwọn ọ́fíìsì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kó máa tàn án láàárọ̀. Nígbà tí bílì kejì dé, ó ti wálẹ̀. Kì í ṣe wíwálẹ̀ tí èèyàn lè fi jó, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Dádì ní ẹ̀rọ kejì lè dúró títí di bílì tó ń bọ̀, ká tún wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń sọ láti ìgbà yẹn: ká tún wò ó. Bí àwọn oníná bá ti mú ìwé wọn dé géètì, Alfa á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kò ní wọlé, kò ní jókòó. "Ṣé ó wálẹ̀, Mánéjà?" "Ó wálẹ̀, Alfa." Á mí kanlẹ̀, á padà sídìí iná. Ó ti ra igi òrùlé. Kò tíì kàn án.

Níbi àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Dádì mú mi jáde síwájú gbogbo òṣìṣẹ́. "Ẹ wo ẹni tó ń pa iná rẹ̀!" ó ní. "Ẹ wo ìwà ìríjú!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alfa náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n yọ amúlétutù akáǹtáǹtì àti ti Àǹtí, wọ́n fi fáànù rọ́pò, kí wọ́n lè kọ́gbọ́n. Wọ́n ní kí tèmi wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èrè. Àǹtí kò bá mi sọ̀rọ̀ kọ́là mọ́. Àwọn àlejò ti Èkó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó wọn wá báyìí, wọ́n á fọwọ́ ra apá, wọ́n á ní ọ́fíìsì mi mà tutù o, èmi á sì tún kóòtù mi ṣe.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì bàbá géètì gbẹ lọ́jọ́ Àìkú báyìí. Ó ti padà sí kànga.

Mo sọ fún Dádì pé mo máa ń pa tèmi. Mi ò pa á rí. Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan ni èmi náà ń fi í sílẹ̀, tí mo ń ti ilẹ̀kùn, tí mo ń lọ sílé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.